Bí ètò yín bá kọṣẹ́ lórí Windows tuntun, ẹ yẹ ìforúkọsílẹ̀ wò kí ẹ tó tú u ká

Nígbà tí Windows Vista jáde lọ́dún 2007, ọ̀pọ̀ ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ geere lórí Windows XP ló kọ̀ jálẹ̀. Títí dòní, nọ́ńbà 0x80040154 ṣì máa ń yọ sí àwọn tó ń wá àṣìṣe inú ètò wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Windows kò rí orúkọ ẹ̀yà kan tí ètò náà nílò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ohun méjì ló sábà ń fà á. Èkíní ni àṣẹ. Láti ìgbà Vista, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ní láti fi “Run as administrator” ṣí Command Prompt kí regsvr32 tó lè forúkọ ẹ̀yà náà sílẹ̀.

Èkejì ni bíìtì. Ètò oní-bíìtì 64 kò lè gbé DLL oní-bíìtì 32 sínú ara rẹ̀. Bí ẹ̀yà yín bá jẹ́ ti 32, ẹ yí ètò yín sí x86, kí ẹ sì lo regsvr32 tó wà nínú SysWOW64. Orúkọ yìí ń tan ni jẹ, nítorí System32 gan-an ni ilé àwọn ti 64.

Ẹ wo méjèèjì yìí kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ẹ ti fi oṣù gbáko kọ. Ó lè má ní àléébù kankan.