Àlejò Òfurufú Tí Kì Í Kágò

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ àgbàlá onílé a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a sì kágò. Bí onílé bá dáhùn pé, "Àgò yà," ó di àlejò. Bí kò bá sí ìdáhùn, a yí padà. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ti mọ èyí kí ó tó mọ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, àlejò kan wà tí kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí kì í sì í kágò. Òfurufú ni ó ń gbà wá, ó ń kùn bí agbọ́n, kámẹ́rà sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Èyí ni ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò gbé awakọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní drone.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Rosettenville, ní apá gúúsù ìlú Johannesburg, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa ni ẹ ní ọmọ tàbí ẹbí ní ìlú náà. Àdúgbò àtijọ́ ni Rosettenville. Níbẹ̀ ni Oliver Tambo ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St Peter's, tí ó sì tún padà ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn Potogí pọ̀ ní àdúgbò náà; lónìí, àwọn àlejò láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, ń bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ gbé pọ̀. Ilé sún mọ́ ilé, ògiri kan ṣoṣo ni ó sì la àgbàlá kan sí èkejì. Ní irú ibẹ̀, bí aládùúgbò bá gbé drone sókè láti àgbàlá rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi wà lórí okùn aṣọ ẹlòmíràn, tàbí lẹ́bàá fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Kí ni ẹ̀tọ́ onílé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn amòfin àtijọ́ ní Yúróòpù a máa wí pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni òfurufú orí rẹ̀ títí dé ọ̀run. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú dé, ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1946, ẹjọ́ àgbẹ̀ kan tí ń sin adìyẹ ní North Carolina dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ òfurufú ológun ń fò kọjá lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 83 péré. Ìbẹ̀rù mú kí àwọn adìyẹ rẹ̀ máa fò lu ògiri, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 150 nínú wọn kú. Ilé-ẹjọ́ náà wí pé òkè réré jẹ́ ọ̀nà gbogbo ayé, ṣùgbọ́n òfurufú tí ó sún mọ́ ilẹ̀, tí onílé nílò láti fi gbádùn ilé rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ní ọdún 1977, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Bernstein pe ilé-iṣẹ́ kan lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n ya àwòrán ilé rẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú. Kò jàre, ṣùgbọ́n adájọ́ kò ṣàìfi kún un pé bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń ṣọ́ ilé ènìyàn láti òkè nígbà gbogbo, tí wọ́n sì ń ya gbogbo ìṣe rẹ̀ ní àwòrán, ọ̀rọ̀ náà lè gba ọ̀nà mìíràn yọ.

Ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ti fi òfin gbé ọ̀rọ̀ drone kalẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2015. Àjọ tí ń bójú tó ìrìnnà òfurufú níbẹ̀, tí à ń pè ní SACAA, ni ó ń mójú tó òfin náà. Ẹni tí ń fi drone ṣeré kò gbọdọ̀ lo èyí tí ó wúwo ju kìlógíráàmù 7 lọ. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tó o nígbà gbogbo, ọ̀sán gangan ni ó sì gbọ́dọ̀ máa fò ó. Kò gbọdọ̀ fò ó láàárín kìlómítà 10 sí pápákọ̀ òfurufú, bẹ́ẹ̀ ni Rand Airport tí ó wà ní Germiston kò jìnnà sí Rosettenville. Ṣùgbọ́n àṣẹ méjì ni ó kan onílé jùlọ. Èkíní, drone náà kò gbọdọ̀ wà láàárín mítà 50 sí ènìyàn tàbí sí ohun-ìní ẹlòmíràn láìgba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Èkejì, kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 150 lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 45, àfi bí ọ̀gá àgbà àjọ náà bá yọ̀ǹda.

Ẹ jẹ́ kí á fi àṣẹ méjèèjì wé ara wọn. Bí drone bá wà ní mítà 45 lókè ilé yín, kò tíì jìnnà sí yín tó mítà 50. Bí ó bá sì gòkè sí i kí ó lè pé mítà 50, ó ti kọjá ààlà gíga rẹ̀. Nítorí náà, kò sí bí aládùúgbò tí ń ṣeré ṣe lè fò ó lórí ilé yín ní ọ̀nà òfin láìkọ́kọ́ tọrọ àyè. Àgò náà ni òfin ń béèrè yìí, èdè tí ó fi sọ ọ́ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá rú òfin náà lè san ìtanràn 50,000 rand, ó lè ṣe ẹ̀wọ̀n tí ó tó ọdún 10, ó sì lè gba méjèèjì pọ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn wa ní ìlú náà fi sọ́kàn. Abala 14 nínú òfin ìpìlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ti ọdún 1996 wí pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni a wí. A kò wí pé gbogbo ọmọ ìbílẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Rosettenville. Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn ará àdúgbò kan dáná sun ilé mélòó kan níbẹ̀. Wọ́n ní ilé oògùn olóró àti ilé aṣẹ́wó ni, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí wọ́n nawọ́ ẹ̀sùn sí. Níbi tí ìfura bá le tó báyìí, àjèjì tí ó rí drone lórí òrùlé rẹ̀ lè rò pé wọ́n ń ṣọ́ òun de ọjọ́ ibi. Ẹni tí ó ni drone sì lè rò pé ohun kan pamọ́ sí àgbàlá àjèjì. Ìbẹ̀rù a máa pe ìbẹ̀rù, òkò kan ṣoṣo sì lè di iná.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ má ṣe yìnbọn sí i, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ lókò. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2015, ní Kentucky ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan yìnbọn lu drone tí ó wá sókè ilé rẹ̀, adájọ́ sì dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Kentucky kò dé Johannesburg. Lábẹ́ òfin ìbọn Gúúsù Áfíríkà ti ọdún 2000, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti yìnbọn láàárín ilé láìní ìdí pàtàkì. Ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ olùpẹ̀jọ́ yóò wá di ẹni tí a pè lẹ́jọ́.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó wá sílẹ̀, àti apá ibi tí ó ti yọ. Bí ẹ bá ní fóònù lọ́wọ́, ẹ yà á ní àwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá aládùúgbò náà ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó lè jẹ́ pé òrùlé rẹ̀ tí yìnyín bàjẹ́ ni ó ń yẹ̀ wò; ó sì lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi ṣeré láìmọ òfin. A kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, kóòtù kọ́ ni a fi í bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá kọ̀ tí kò gbọ́, ẹ mú àkọsílẹ̀ yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì fi tó àjọ SACAA létí ní Midrand. Bí ó bá wá di pé ó ń ṣọ́ yín lójoojúmọ́, ọ̀nà wà ní kóòtù májísíréètì. Òfin tí ó dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìyọlẹ́nu, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2013, fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tọrọ àṣẹ ààbò. Kò di dandan kí ènìyàn gba lọ́yà. Akọ̀wé kóòtù ni yóò ṣàlàyé ohun tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá tẹ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lójú lè lọ sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún 5.

A kò sọ èyí láti fi drone ṣe ohun búburú. Ní Rwanda láti ọdún 2016, àti ní Ghana láti ọdún 2019, ó ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára. Nílé níbí náà, àjọ NCAA ti kéde láti ọdún 2016 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sókè láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn baba wa wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfurufú tí ó wà lórí òrùlé Rosettenville kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mítà 45 ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, kí ó kọ́kọ́ kágò.