Wọ́n Dí Eyín, Ó Tún Yọ! Ọ̀rọ̀ Omi Ni O

Owó ńlá ni ènìyàn ń ná kí wọ́n tó bá a dí ihò eyín. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí UCH n'Íbàdàn, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, mọ̀ pé odidi ọjọ́ ọjà kan ti bá a lọ. Bí ohun funfun tí wọ́n fi dí eyín náà bá wá yọ sínú ẹ̀bà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, igbe tó máa ń ta ni pé: "Dókítà ti rẹ́ mi jẹ!" Ẹlòmíràn ò ní padà lọ mọ́. Á máa gbé òògùn mì títí ihò náà á fi jìn dé ibi tí iṣan eyín wà, tí wọ́n á ní àfi kí wọ́n yọ eyín náà dànù.

Bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, omi ló dá wàhálà sílẹ̀: omi tó pọ̀ jù, tàbí omi tó kéré jù!

Ẹ wo fọganáísà. Bó bá fẹ́ lẹ tíúbù, á kọ́kọ́ ha ojú ibi tó jò kó má baà dán mọ́, á nù ún gbẹ, kó tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Bí omi bá kàn án, iṣẹ́ bàjẹ́. Ohun tí dókítà ń ṣe sí èèpo eyín, ìyẹn funfun líle tí à ń rí lóde, nìyẹn gẹ́lẹ́. Ásíìdì ló fi ń ha tirẹ̀. Ọdún 1955 ni Michael Buonocore gbé ọgbọ́n yìí jáde ní ìlú Rochester l'Amẹ́ríkà. Ó ti mọ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ a máa fi ásíìdì fọ irin kí ọ̀dà lè mú un dáadáa. Ó dán an wò lára eyín, ó sì mú!

Inú Eyín Ò Rí Bí Òde

Abẹ́ èèpo yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí wọ́n bá pín ìwọ̀n èèpo eyín sí 100, bí 96 ló jẹ́ ohun líle bí òkúta. Ṣùgbọ́n ti eegun abẹ́ rẹ̀, bí 70 péré ni òkúta; bí 20 jẹ́ okùn tín-ín-rín bíi ti awọ, bí 10 sì jẹ́ omi. Nígbà tí ásíìdì bá jẹ òkúta ojú rẹ̀ kúrò, okùn yìí ló kù, omi ló sì gbé e dúró.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta pọ̀nmọ́ l'Ókè-Ajé, ẹ ti mọ èyí tẹ́lẹ̀! Irú okùn kan náà ló wà nínú pọ̀nmọ́. Bí pọ̀nmọ́ Ìjẹ̀bú bá gbẹ, á súnkì, á le koko, ata ò ní wọ inú rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, á wú, á sì gba ọbẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú eyín. Bí dókítà bá fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ táútáú, okùn á wó lé ara wọn, gọ́ọ̀mù ò ní ráyè wọlé. Òkè lásán ni yóò jókòó sí.

Bí omi bá wá pọ̀ jù ńkọ́? Oje tí wọ́n fi ń ṣe gọ́ọ̀mù yìí dà bí epo, epo òun omi ò sì rẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po nǹkan kan tó ń jẹ́ HEMA mọ́ ọn, tó ń ṣe bí ọṣẹ láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n tún ń fi ọtí líle sí i, tàbí asitóònù tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, kó lè lé omi jáde. Dókítà á fẹ́ atẹ́gùn sí i jẹ́jẹ́ kí ọtí àti omi jọ fò lọ, kó tó tan iná búlúù sí i kó lè dì. Omi tó bá ṣẹ́ kù á sọ ojú iṣẹ́ di ahẹrẹpẹ.

Lọ́dún 1982 ni Nobuo Nakabayashi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé bí oje bá wọ inú okùn yìí dáadáa, òun àti eyín á di ohun kan ṣoṣo.

Bírìkìlà ni kí dókítà fìwà jọ níbi tá a dé yìí. Bírìkìlà tó mọṣẹ́ á wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù kó tó rẹ́ ògiri, kí búlọ́ọ̀kù má baà fa omi sìmẹ́ǹtì mu. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí omi máa ṣàn lára ògiri. Òde eyín, kó gbẹ. Inú eyín, kó ní ọ̀rinrin díẹ̀.

Ohun Tó Kàn Yín

Àdéhùn Minamata tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013 ti ní kí gbogbo ayé máa dín ohun dúdú onímákúrì tí wọ́n fi ń dí eyín kù. Funfun yìí ló ń gba ipò rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ìlò rẹ̀.

Itọ́ burú ju omi lásán lọ. Bó bá kan ibi tí ásíìdì ti kàn, àfi kí wọ́n tún un ṣe. Bí wọ́n bá ki òwú sí yín lẹ́nu, ẹ má fi ahọ́n tì í, ẹ má sì sọ̀rọ̀. Bí itọ́ bá pọ̀, ẹ na ọwọ́ sókè. Ẹ má kán dókítà lójú pé ọjà ń dúró dè yín.

Bó bá sì yọ, ẹ tètè padà lọ. Wọ́n lè tún eyín dí. Èyí tí wọ́n bá yọ lẹ́nu àgbà kì í hù mọ́.