Àpáta gíga àti ìgbì òkun ńlá: Èwo ló le jù fún ọkàn èèyàn?

Bí ẹ bá ti wo fídíò ẹni tó ń gun àpáta gíga láì so okùn mọ́ra, tàbí ti ẹni tó dúró lórí pákó tí ìgbì òkun tó ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ ń lé e bọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti sọ pé, "Àwọn wọ̀nyí ò mà bẹ̀rù ikú!" Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ẹ̀rù náà lò ló yàtọ̀, ti orí àpáta ò sì jọ ti orí omi.

Orí àpáta: ká ti ilé palẹ̀ mọ́

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Alex Honnold, ọmọ Amẹ́ríkà, gun àpáta El Capitan ní Yosemite, ìpínlẹ̀ California, láì lo okùn kankan. Àpáta náà ga tó nǹkan bíi 900 mítà. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 56 ló gbà á. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ lókè yẹn, ó parí nìyẹn.

Kí ni kò jẹ́ kí àyà rẹ̀ já? Ó ti fi okùn gun ọ̀nà yẹn kan náà láìmọye ìgbà. Ó kọ́ ibi tó máa gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sí sórí, pàápàá níbi tó le jù, bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ́ táìmùsì sórí. Àpáta kì í rìn. Ibi tí ẹ fi í sí lánàá lẹ máa bá a lónìí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkàn ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún odindi wákàtí mẹ́rin. Bí jìnnìjìnnì bá bo èèyàn, ọwọ́ á máa làágùn, á di òkúta mú ju bó ṣe yẹ lọ, apá á sì tètè rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù nìkan tó láti já èèyàn bọ́.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọpọlọ Honnold wò. Wọ́n rí i pé apá tó máa ń ta èèyàn lólobó nípa ewu ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira nígbà tí wọ́n fi àwòrán tó ń dẹ́rù bani hàn án. Àmọ́ ṣé wọ́n bí i bẹ́ẹ̀ ni, àbí ìdánrawò ọlọ́dún gbọọrọ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Àyẹ̀wò yẹn ò lè sọ. Ohun tó dájú ni pé ọkùnrin yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun El Capitan láìlókùn lọ́dún 2016, ọkàn rẹ̀ ò gbà á, ó sì padà.

Orí omi: ká mọ bá a ṣe ń ṣubú

Ní Nazaré, lórílẹ̀-èdè Pọ́túgàl, àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ òkun tó wá sún mọ́ etíkun. Òun ló máa ń kó agbára ìgbì jọ tó fi ń ga fíofío. Lọ́dún 2020, Sebastian Steudtner, ọmọ Jámánì, gun ìgbì tó ga tó mítà 26.21 níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ìgbì sórí, torí kò sí méjì tó jọra. Ẹ̀rọ jet ski ló máa ń fa agungbì wọ inú rẹ̀. Tó bá ti jọ̀wọ́ okùn, kò sí àyè àtipadà mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Wọ́n sì máa ń ṣubú. Omi á gbé èèyàn mì, á yí i po, kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń jà fitafita níbẹ̀ á tètè lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Torí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ bá a ṣe ń sé èémí, ká dẹ ara, ká sì dúró kí ìgbì kọjá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Maya Gabeira, ọmọ Bràsíl, mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2013, díẹ̀ ló kù kó kú sómi Nazaré. Ó dákú, ẹgbẹ́ rẹ̀ Carlos Burle ló gbé e jáde. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́yìn. Ó padà síbẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2020, ó gun ìgbì tó ga tó mítà 22.4, èyí tó ga jù tí obìnrin tíì gùn nígbà yẹn.

Èwo ló wá le jù?

Agunpáta ń bá ọkàn rẹ̀ jà kó tó kúrò nílẹ̀, torí kò gbọ́dọ̀ ṣubú rárá. Ó gbọ́dọ̀ mọ gbogbo nǹkan. Agungbì ní tirẹ̀ mọ̀ pé òun lè ṣubú. Ìgbà tó bá wà lábẹ́ omi ni iṣẹ́ ọkàn rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó gbà pé agbára òun ò ká a, kó sì fara balẹ̀. Ọ̀kan ń di nǹkan mú, èkejì ń jọ̀wọ́ ara ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀kan ò fi dandan mọ èkejì.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa, ìmúrasílẹ̀ ò lé ikú lọ. John Bachar, gbajúmọ̀ agunpáta, já bọ́ lọ́dún 2009 ó sì kú. Marcio Freire, agungbì tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, kú ní Nazaré ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí Honnold yí padà lórí àpáta fi yẹ kó wà nínú ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó dé òkè. Ká tó ó gun nǹkan, ó gba ìgboyà. Ká sọ pé "kì í ṣe òní" níṣojú àwọn tó gbé kámẹ́rà dání, ìgboyà lòun náà.