Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Kí Ìjọ Tó Sanwó Fún Ojú Òpó Ayélujára

Ọ̀rọ̀ owó ìjọ ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn yìí, àti ọ̀rọ̀ omijé ọmọ kan.

Ní àwọn ọdún tí WhatsApp kò tíì dé ọwọ́ gbogbo wa, ìjọ wa níhìn-ín ní Ẹdẹ ṣí ojú òpó tirẹ̀ lórí ayélujára. Ètò tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni a yàn. A san ti ọdún kan, a sì dúpẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ sùn nínú Olúwa. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí àyè wá sílé. A ṣèlérí fún un pé a ó gba ohùn ìsìn ìsìnkú sílẹ̀, a ó sì gbé e sí ojú òpó ìjọ, kí òun náà lè gbọ́ bí a ṣe kọrin sin màmá rẹ̀ dé ilé ìkẹyìn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ yìí jókòó ti kọ̀ǹpútà. Kò gbọ́ orin, kò gbọ́ ìwàásù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta péré ló bá níbẹ̀: Bandwidth Limit Exceeded.

Nígbà tó fi omijé pè wá, a rò pé àwọn ọ̀daràn orí ayélujára ló wọlé sí wa lára. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń dámọ̀ràn ààwẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ojú òpó náà sùn sí káfẹ́ mọ́jú kó tó rí ìdí ọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Àwa fúnra wa ni a ra ohun tí kò tó wa, tí a kò sì bèèrè ìwọ̀n rẹ̀. Oṣù ku ọjọ́ méje kó parí, kò sì sówó nínú àpò láti fi kún un. Ọjọ́ kẹjọ ni ọmọ náà tó gbọ́ orin ìsìnkú ìyá rẹ̀.

Kí ni bandwidth yìí gan-an?

Ojú òpó kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Inú kọ̀ǹpútà kan tí wọn kì í pa ni ó ń gbé, ní ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fi ààyè háyà. A ń san owó ààyè náà bí ẹni ń san owó yàrá.

Àṣìṣe wa ni pé a rò pé ojú òpó dà bí pátákó tí a gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ka pátákó, kò dín kù. Ṣùgbọ́n ìwé àṣàrò kúkúrú ni ojú òpó jọ. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá ní kí a fún òun, ẹ̀dà tirẹ̀ ni yóò gbà lọ. Bí ẹni mẹ́wàá bá ṣí fọ́tò kan, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni kọ̀ǹpútà náà yóò fi í ránṣẹ́. Àròpọ̀ gbogbo ohun tó bá jáde báyìí láàárín oṣù kan ni àwọn tó ń ta ààyè sábà máa ń pè ní bandwidth.

Ẹ ṣọ́ra o, nítorí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìtumọ̀ mìíràn fún un. Ẹ rò ó bí omi ilé. Bí páìpù ṣe fẹ̀ tó, tí omi fi ń yára jáde, ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè bẹ́ẹ̀. Iye omi tó jáde lóṣù ni oníṣòwò ní lọ́kàn. Bí táńkì ṣe tóbi tó, ìyẹn ààyè ìpamọ́, ọ̀tọ̀ pátápátá ni. Táńkì ńlá la wò nígbà tí a ń sanwó. A kò wo iye omi tí wọ́n gbà wá láyè láti pọn.

Bí tiwa ṣe tán

10GB lóṣù ni ètò wa, èyí tó tó 10,000MB. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsìnkú, a gbé 40 fọ́tò àjọ̀dún ìdúpẹ́ sójú kan náà, bí kámẹ́rà ṣe yà wọ́n, 4MB ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. 40 lọ́nà 4 jẹ́ 160MB. Ẹ pín 10,000 sí 160: ènìyàn 62 péré ló lè wò ó tán. Ọmọ olóògbé dé lẹ́yìn tí fọ́tò ìdúpẹ́ ti jẹ oúnjẹ oṣù tán.

Ká ní a ti dín fọ́tò wọ̀nyẹn kù sí 200KB ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣì mọ́lẹ̀ kedere lójú fóònù, 8MB ni gbogbo wọn ì bá jẹ́, ènìyàn 1,250 ì bá sì rí i. Ẹ rántí pẹ̀lú pé gbogbo MB tó jáde lọ́dọ̀ wa, inú dátà ẹni tó ń wò ó ló ti ń dín kù. Opó tó ra dátà kékeré kò yẹ kó fi í tán sórí fọ́tò wa.

Ohun pàtàkì kì í fi dandan wúwo. Ní ìlú Ẹdẹ yìí kan náà, ní Yunifásítì Redeemer's, ni ibùdó ìwádìí ACEGID wà ní ọdún 2020, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi sì jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2020, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò Kòrónà tó wà lára ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, tí wọ́n sì fi han gbogbo ayé. Àbùdá náà tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, nǹkan bí 30KB ni, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fọ́tò wa kan ṣoṣo.

Bí ẹ ó ṣe ṣírò tiyín

Ẹ kọ ìwọ̀n ojú ewé kan sílẹ̀, ẹ fi iye tí ẹnì kan ń ṣí sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tún fi iye ènìyàn àti ọjọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí 100 ènìyàn bá ń ṣí ojú ewé mẹ́ta lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2MB, 18GB ni yóò jáde ní ọgbọ̀n ọjọ́.

Ìwàásù ìṣẹ́jú 45 tí a gbà sílẹ̀ ní 64kbps jẹ́ nǹkan bí 22MB. Ní 128kbps, ìlọ́po méjì ni. Bí 200 ènìyàn bá gba ìwàásù mẹ́rin lóṣù ní 22MB, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18GB. Àpapọ̀ di 36GB. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un nítorí Àjíǹde, àpéjọ àti ìsìnkú, ó di 54GB. Ètò 10GB kò lè gbé e.

Ní ti fídíò, wákàtí kan lè tó 700MB. 100 ènìyàn ti kó 70GB lọ nínú ìsìn kan. Ẹ gbé fídíò sórí YouTube, kí ẹ sì fi ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ hàn ní ojú òpó yín. Ọrùn tiwọn ni ẹrù náà yóò wà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ohun mẹ́rin:

1. GB mélòó ló lè jáde lóṣù kan?
2. Bó bá tán, ṣé ẹ ó ti ojú òpó wa ni, tàbí ẹ ó fi owó kún owó wa?
3. Bí ẹ bá ní kò lópin, kí ni ìwé àdéhùn sọ? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òpin wà nínú àwọn lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀.
4. Níbo la ti lè máa rí iye tí a ti lò, kí a lè mọ̀ kó tó tán?

Jésù Olúwa wa sọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Owó ìjọ, ọrẹ àwọn tálákà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jókòó ṣírò.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan màmá wa pé, a tún gba ohùn ìsìn sílẹ̀. Fọ́tò wa ti fúyẹ́, ètò wa sì ti tó wa. Láti Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ wọn gbọ́ ọ láti orin àkọ́kọ́ títí dé Àmín. Kí Olúwa fún gbogbo wa ní òye.