Bóòtì tí ó Há: Ohun tí ó Dì í Mú àti Bí a Ṣe ń Tú u

Ẹni tí ó bá ti dúró ti mẹkáníìkì rí ní ọjọ́ tí ó ń sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ yóò ti ṣàkíyèsí pé ohun tí ó bàjẹ́ gan-an kọ́ ni ó ń gba àkókò. A lè fi ìdajì wákàtí pààrọ̀ rẹ̀, kí a sì fi odindi òwúrọ̀ bá bóòtì kan ṣoṣo jìjàkadì. Ọmọ iṣẹ́ a máa rò pé agídí ni bóòtì náà ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun kan ni ó dì í mú, bí a kò bá sì mọ ohun náà, agbára wa yóò kàn dá kún ọ̀ràn ni.

Nígbà tí a bá ń de bóòtì, irin rẹ̀ a máa nà díẹ̀ bí rọ́bà. Bí ó ti ń wá ọ̀nà àtisúnkì padà ni ó ń fún ohun méjì pọ̀. Síbẹ̀, nínú agbára tí apá wa ń lò, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni ó ń lọ sí nínà yìí. Gbogbo ìyókù ń ṣòfò níbi tí irin ti ń ha irin, lábẹ́ orí bóòtì àti láàárín eyín rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ìpáàrà ń wọ̀, ààyè tí ìpáàrà sì ń gbà ju ìlọ́po méjì ààyè irin tí ó jẹ lọ. Nínú àlàfo tí kò ju irun lọ, yóò gbilẹ̀ bí gbòǹgbò igi tí ó wọ inú ògiri.

Ti gíábọ́ọ̀sì tún yàtọ̀, nítorí alúmíníọ̀mù ni ara ọ̀pọ̀ nínú wọn, irin líle sì ni bóòtì wọn. Bí omi oníyọ̀ bá kan àwọn méjèèjì pọ̀, wọn yóò máa ṣe bí bátìrì; alúmíníọ̀mù yóò máa di ìyẹ̀fun funfun tí ń há bóòtì mọ́ ihò.

Epo tí ń wọ inú ìpáàrà ni a ó kọ́kọ́ ta sí i, kí a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. A ó fi òòlù lu orí bóòtì bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kì í ṣe láti tẹ̀ ẹ́, bí kò ṣe kí ìpáàrà lè sán. Kí a dè é díẹ̀ sí i kí a tó tú u. Bí ó bá yí díẹ̀, kí a dá a padà, kí a tún ta epo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: àwọn tí ó pa òwe yìí kò rí gíábọ́ọ̀sì rí, ṣùgbọ́n ó bá a mu.

Bí epo kò bá ṣe é, ó ku iná. Ara gíábọ́ọ̀sì ní àyíká ihò ni kí a yá. Bí ihò tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 10 bá fi ìwọ̀n 100 gbóná sí i, yóò fi mìlímítà 0.023 fẹ̀ sí i. Bóòtì inú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀, kò ní ju 0.012 lọ. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n epo yóò rí ọ̀nà wọlé. Kí a ṣọ́ páìpù pẹtiróòlù àti rọ́bà tí ń dí epo gíà mọ́ inú. Bóòtì tí ó bá sì pọ́n nínú iná ti sọ líle rẹ̀ nù. A kò gbọdọ̀ dá a padà sídìí iṣẹ́.

Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì nígbà kan tí wọ́n ń tú nọ́ọ̀tì ńlá àárín ẹsẹ̀ iwájú, èyí tí ó di orí ṣáfùtù mú. Wọ́n ti fi jáàkì gbé ọkọ̀, wọ́n fi páìpù gígùn bọ sípánà, ọ̀kan sì gun orí páìpù náà. Nọ́ọ̀tì kò mira. Ẹni tí ó dè é kẹ́yìn ti lu etí rẹ̀ wọ inú kòtò kékeré tí ó wà lára ṣáfùtù, kí ó má baà tú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà; kò sì sí èyí tí ó tẹjú mọ́ ọn nínú wọn. Sípánà yọ̀, ọkọ̀ já bọ́ lórí jáàkì. Ọpẹ́lọpẹ́ táyà tí ẹnì kan tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, òkú ni à bá gbé níbẹ̀. Bí wọ́n bá lu etí nọ́ọ̀tì padà síta, tí ọkọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, tí ẹnì kan sì tẹ bíréèkì, ìgbà náà ni ó yẹ kí wọ́n mú sípánà.

Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe wọn jẹ́ tiwa, wọ́n sì péye: bóòtì a máa há, orí rẹ̀ a máa jẹ, a sì máa já. Èyí tí ó bá há ni a ti ń sọ bọ̀. Èyí tí orí rẹ̀ jẹ, sókẹ́ẹ̀tì tí ó kéré díẹ̀ ni a ó fi òòlù gbá mọ́ ọn. Èyí tí ó já, wẹ́dà ni yóò jó nọ́ọ̀tì mọ́ kùkùté rẹ̀. Gbígbóná àti títutù yẹn nìkan a máa sán ìpáàrà.

Bí a bá ń fi bóòtì tuntun sí i, gírísì díẹ̀ lára eyín rẹ̀ yóò ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n irin tí ó ní gírísì kò ha irin mọ́ tó bẹ́ẹ̀, agbára tí à ń lò tẹ́lẹ̀ yóò sì nà án ju bí ó ti yẹ lọ. Bí a kò bá dín in kù, ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ti àtijọ́ ni yóò já tuntun.