Fífọ́ Àpáta fún Gáàsì àti Ààbò Omi Kànga

Láti fọ́ àpáta fún gáàsì, omi, iyanrìn àti kẹ́míkà ni a máa ń fi agbára ńlá tì sí abẹ́ ilẹ̀, kí àpáta tó pa gáàsì mọ́nú lè ya. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ Zaria; òkúta líle àtayébáyé ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú kànga Zaria: omi lè gba pàlàpálá òkúta dé inú wọn, ọ̀nà kan náà sì ni ìdọ̀tí lè gbà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ààrẹ Buhari ṣí iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Kolmani, ní ààlà Bauchi àti Gombe. Iṣẹ́ epo ti dé òkè Ọya nìyẹn. Ṣé òfin ti múra sílẹ̀? Òfin ọdún 1992 pàṣẹ pé kí a yẹ ewu tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe fún àyíká wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní 2007 yọ epo àti gáàsì kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ omi kànga wò, kí a sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí a kò bá mọ bí omi ti rí tẹ́lẹ̀, kí ni a ó fi jẹ́rìí pé wọ́n ti bà á jẹ́?