Ìṣirò Mọ Ọjọ́ Ojúde Ọba, Kí Ló Dé Tí Kò Mọ̀ Bóyá Òjò Yóò Rọ̀?

Ní 2023, ayẹyẹ Ojúde Ọba ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ní 2024, ó di ọjọ́ 18. Ní 2025, ọjọ́ 8 ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní London tàbí Houston, tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, tí regbérégbé rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀, sì ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi àwọn ará ilé ni pé: ọjọ́ wo ni tọdún tó ń bọ̀? Ojú ọ̀run ni ìdáhùn wà, síbẹ̀ èèyàn lè jókòó sínú yàrá kó fi bírò àti ìwé wá a rí. Ìbéèrè tó wà nídìí èyí ti ń da àwọn onímọ̀ láàmú tipẹ́: èé ṣe tí ohun tó wà lókè fi ń gbọ́ràn sí ìṣirò lẹ́nu?

Láti ìgbà tí oṣù bá lé títí òmíràn yóò fi lé, nǹkan bí ọjọ́ 29.53 ni. Ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà 12 jẹ́ ọjọ́ 354.37. Ọdún tí kàlẹ́ńdà ara ògiri ń tẹ̀ lé, tí oòrùn ń darí, jẹ́ 365.24. Ìyàtọ̀ wọn sún mọ́ ọjọ́ 11. Ìdí nìyí tí Iléyá fi ń tètè dé sí i lọ́dọọdún, tí Ojúde Ọba, tó jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá, sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Nígbà mìíràn á jẹ́ 10 tàbí 12, torí pé oṣù kan kì í ní ìdajì ọjọ́. 29 ni tàbí 30.

Nínú nǹkan bí ọdún 33, Iléyá yóò ti yí ọdún po. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe Iléyá ní 2006, ní oṣù Kìíní àti ní ìparí oṣù Kejìlá. Ẹ fi 33 kún un, ó di 2039. Lọ́dún náà Iléyá yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, yóò sì tún dé ní nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. Àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun ní Ojúde Ọba, tí ìgbà òjò ni wọ́n ń jáde báyìí, yóò jáde nínú ọyẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan ṣoṣo. Ohun tí a lè fi irú ìdánilójú yìí sọ nípa 2039 kò pọ̀.

Níbo ni ìdánilójú náà ti wá? Ní 1687, Isaac Newton ṣàlàyé òfin òòfà. Bí ọsàn bá já lórí igi ní Ìjẹ̀bú-Òde, á ti wá sílẹ̀ ní mítà 4.9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òṣùpá jìnnà sí àárín gbùngbùn ayé ní ìlọ́po 60 ju ọsàn yẹn lọ. Newton ní ká sọ 60 di ìlọ́po ara rẹ̀, ìyẹn 3,600, ká sì fi pín 4.9. Ohun tó kù kò tó mìlímítà kan àti ààbọ̀. Bí òṣùpá ṣe ń já bọ̀ sọ́dọ̀ wa ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nìyẹn gẹ́lẹ́, òun ni kò jẹ́ kó sá lọ.

Ní 1960, ọdún tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà gorí ìtẹ́ Àwújalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Eugene Wigner, onímọ̀ físíìsì ọmọ Hungary tó di ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí. Ó yà á lẹ́nu pé ìṣirò tí ẹnì kan ṣe láì ro ayé mọ́ ọn ni ayé tún ń tẹ̀ lé. Ẹ̀rí kan wà nítòsí wa. Ní 1854, Riemann ní Jámánì ṣe ìṣirò nípa àyè tó tẹ̀ kọdọrọ. Einstein wá lò ó ní 1915, ó ní ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá yóò tẹ̀ ní ìwọ̀n kan, ìlọ́po méjì èyí tí òfin Newton sọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1919, onímọ̀ ìràwọ̀ Arthur Eddington wo bí òṣùpá ṣe bo oòrùn tí ọ̀sán fi dòru láti Príncipe, erékùṣù tó wà nínú òkun ní gúúsù Nàìjíríà. Àwòrán tó yà gbe Einstein.

Ṣùgbọ́n òjò ńlá rọ̀ ní Príncipe láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọsánmà sì ba èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán Eddington jẹ́. Ó mọ ìṣẹ́jú tí oòrùn yóò ṣókùnkùn kó tó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti òjò ni kò mọ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ní òfin ìṣirò tirẹ̀, a sì mọ̀ ọ́n. Ní 1961, Edward Lorenz ní Amẹ́ríkà ń fi kọ̀ǹpútà ṣàgbéyẹ̀wò ojú ọjọ́. Ó fẹ́ tún ìṣirò kan ṣe, ó wá tẹ 0.506 dípò 0.506127. Ìyàtọ̀ bíńtín yìí dàgbà títí ojú ọjọ́ kejì kò fi jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá. Àṣìṣe kékeré nípa òṣùpá máa ń pẹ́ kó tó dàgbà, ti àwọsánmà kì í pẹ́. Lójú tèmi, ìdáhùn tó dáa jù sí ìyanu Wigner bẹ̀rẹ̀ níbí: ibi tí nǹkan kò pọ̀, tó sì ń ṣe bákan náà léraléra, la ti ń rí agbára ìṣirò jù. Kò sì parí ọ̀rọ̀ náà, torí ìṣirò kan náà ló fi ààlà ara rẹ̀ hàn wá.

Èyí ló jẹ́ kí n rò pé àwọn tó ń dúró de ìkéde Súltáánì Ṣókótó kí wọ́n tó mọ ọjọ́ Iléyá kò bá ìṣirò jà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 2025, aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú méjì ni òṣùpá oṣù Iléyá bọ́ sáàárín ayé àti oòrùn, ní aago Nàìjíríà. Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, ó ti tó nǹkan bíi wákàtí 15. Ìṣirò sọ ibi tí òṣùpá wà. Bóyá ojú rí i nínú àwọsánmà, ìyẹn di ìbéèrè mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 2034, òṣùpá yóò bo oòrùn, òjìji rẹ̀ yóò sì gba orí Nàìjíríà kọjá. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, èyí tó pọ̀ jù nínú oòrùn ni yóò bò mọ́lẹ̀. Ó ku ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó dé ni wọn yóò tó lè sọ bí àwọsánmà yóò ṣe rí. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní prámárì báyìí, ẹ tètè wá awò tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn sílẹ̀ fún wọn, nítorí ojú lásán kò gbọdọ̀ wò ó.